PÀṢÁN TÍ A FI NA ÌYÁ ÀGBÀ Ń BẸ LÁJÀ FÚN ÀWA NÁÀ

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, kí ọmọ tàbí ọmọ ọmọ rẹ̀ kà á sí i létí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé. Màmá kan ti lé ní ẹni 80 ọdún. Bí wọ́n bá ti gbé omi ìwẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀, ariwo ni. Á gbá ọmọ rẹ̀ létí, á gé ẹni tó dì í mú jẹ, á máa kígbe pé wọ́n fẹ́ pa òun. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á di ẹrù rẹ̀, á ní òun ń lọ sílé bàbá òun, bàbá tó ti kú láti bí 50 ọdún. Á tún ní ìyàwó ọmọ òun jí owó òun. Kí ni àwọn ará ilé ṣe? Ẹnì kan ní Màmá ti ya wèrè. Ẹlòmíì ní àjẹ́ ló ń jẹ́wọ́. Wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Wọ́n so ọwọ́ rẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n wá gbé pàṣán sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà, kó lè máa rí i.

N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni; ilé púpọ̀ ni mo kó pọ̀ sójú kan. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé ẹ ò mọ ilé náà. Ó wà ládùúgbò yín.

Ohun tí mo ní í sọ lónìí kò ju ẹyọ kan lọ. Ìwà líle tó ń dààmú wa lára aláìsàn, ọ̀rọ̀ ni. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò lè sọ ọ́ ló ń fi ara sọ ọ́. Bí a bá nà án, tí a dè é mọ́lẹ̀, a kàn pa á lẹ́nu mọ́ ni. Ohun tó ń ṣe é kò tíì kúrò níbẹ̀.

Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́. Àwọn àgbà ló ní ọmọ tó ń sunkún tó ń nawọ́ síbì kan, bí ìyá rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, bàbá rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀. A mọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọwọ́. Bí ìkókó bá ń ké, ta ni í mú pàṣán? Ọmú la ó kọ́kọ́ fún un. Bí kò bá gbà á, a ó wo ìdí rẹ̀ bóyá ó ti tọ̀ sára. Bí kò bá tọ̀, a ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ bóyá ara rẹ̀ gbóná. Kí ló dé tí sùúrù yẹn fi tán nígbà tó kan ẹni tó fún àwa fúnra wa lọ́mú?

*OHUN TÍ MÀMÁ Ń SỌ*

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí omi ìwẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ ẹ́. Omi tútù ni, ní kùtùkùtù. Ẹ̀yìnkùlé ni, níbi tí èrò ń gbà kọjá. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló sì ń dì í mú nítorí pé òun ló lágbára. Màmá kò rántí orúkọ ọmọ náà mọ́. Ohun tí òun rí ni ọkùnrin kan tí òun kò mọ̀ rí, tó ń bọ́ òun síhòòhò ní gbangba. Ẹ̀yin ìyá, ta ni nínú yín tí kò ní gé e jẹ?

Ẹ jẹ́ kí omi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ wẹ̀ ẹ́ nínú yàrá. Kí obìnrin kan ṣoṣo, tí ohùn rẹ̀ mọ́ Màmá lára, wẹ̀ ẹ́. Ẹ fi ìró bò ó, kí ẹ máa nu apá kan kí ẹ tó dé apá kejì, kí ẹ sì máa sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe fún un kí ẹ tó ṣe é. Ẹ fi ṣíbí tàbí kànrìnkàn sí i lọ́wọ́, kí òun náà ní ohun tó ń ṣe. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ìjà ìwẹ̀ á rọlẹ̀ láìsí oògùn, láìsí okùn.

Ti ìrọ̀lẹ́ ńkọ́? Àwọn tó ń tọ́jú arúgbó mọ̀ pé ìdààmú ọpọlọ sábà máa ń pọ̀ sí i nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Ara ti rẹ̀ wọ́n, òjìji ń dẹ́rù bà wọ́n, ilé kún fún ariwo àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ dé. Ẹ tan iná kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ fún un lóúnjẹ ní kánmọ́. Bó bá ní òun ń lọ sílé bàbá òun, ẹ má bá a jiyàn pé bàbá ti kú. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá sọ ọ́ fún un, ọ̀fọ̀ tuntun lẹ ń tú fún un. Ẹ bi í léèrè nípa ilé náà. Kí ni wọ́n ń sè níbẹ̀? Ta ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbẹ̀? Ẹ bá a rìn dé ẹnu géètì, kí ẹ sì bá a padà. Ilé tó ń wá kì í sábà jẹ́ bíríkì. Ibi tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀ rí ló ń wá.

Owó tó ní wọ́n jí? Ó fi í pamọ́ ni, ó sì gbàgbé ibi tó fi sí. Òun kò lè mọ̀ pé òun gbàgbé, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé olè nìkan ni ọkàn rẹ̀ lè rò. Ẹ̀yin ìyàwó ilé, mo mọ̀ pé ó dunni. Ṣùgbọ́n ẹ bá a wá a. Ẹ fi pọ́ọ̀sì kékeré kan tó ní owó díẹ̀ sí abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ náà sára, nítorí àìsàn ló ń sọ ọ́.

*ÀRÙN NI, KÌ Í ṢE ÀJẸ́*

Àìsàn yìí lórúkọ. Dementia ni àwọn dókítà ń pè é, àrùn tó ń ba ọpọlọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìgbàgbé rẹ̀ kì í ṣe ti arúgbó lásán. Ó ń mú ọ̀rọ̀ lọ, ó ń mú ọ̀nà ilé lọ, nígbà míì ó ń mú ìtìjú lọ.

Ẹni tó bá ní kò sí irú rẹ̀ láàárín Yorùbá, kó lọ bi Ìbàdàn. Láti ọdún 1992, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ti Indianapolis ní Amẹ́ríkà jọ tẹ̀ lé àwọn àgbàlagbà ní àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń gbé ní Indianapolis. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé àrùn náà kò wọ́pọ̀ ní Ìbàdàn tó ti Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń rí ẹni tuntun tó ń mú, nínú àwọn ìyá àti bàbá tó ń sọ Yorùbá bíi tiwa.

Nítorí náà, nígbà tí ìyá àgbà kan bá ń sọ̀rọ̀ kantankàntan lóru, tó ń dárúkọ àwọn òkú, tó gbà pé òun pa ẹni tí òun kò pa, ọpọlọ tó ń ṣàìsàn lẹ ń gbọ́ yẹn. Kì í ṣe ìjẹ́wọ́. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ yẹn lé ìyá jáde, tàbí tó kó èrò lé e lórí, aláìsàn ló dájọ́ fún. Ẹ wò ó dáadáa: ìgbà mélòó ni ẹ gbọ́ pé bàbá àgbà olówó tó ń ṣarán jẹ́wọ́ àjẹ́? Obìnrin, opó, tálákà, ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò sí nítòsí, àwọn lọ̀rọ̀ náà sábà máa ń bá.

Ẹ sì gbọ́ èyí dáadáa. Bí ìwà àgbàlagbà bá ṣàdédé yí padà láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, ẹ má dúró de àdúrà òru, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Ó lè jẹ́ ibà, àkóràn nínú ìtọ̀, àìtó omi nínú ara, ṣúgà tó lọ sílẹ̀, tàbí oògùn tuntun tó ń bá a jà. Púpọ̀ nínú wọn ló ṣeé wò. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú.

*ỌMỌ TÍ KÒ SỌ̀RỌ̀*

Kì í ṣe arúgbó nìkan. Ọmọkùnrin kan wà tí kò sọ̀rọ̀ títí di ọdún 10. Bí wọ́n bá gbé e dé ilé ìjọsìn, á máa gbá orí mọ́ ògiri, á máa gé ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ. Wọ́n ní ẹ̀mí èṣù ni, torí pé inú ilé Ọlọ́run ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí ló wà nínú ilé Ọlọ́run tí kò sí nílé? Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńlá mẹ́rin ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní ọ́tísìmù ni ariwo máa ń dùn lára bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbá orí mọ́ ògiri, wọ́n gbé e jáde, ariwo sì tán. Ó ti kọ́ ẹ̀kọ́: orí gbígbá ni ọ̀nà àbájáde. Ẹ kọ́ ọ ní àmì kan, kó na ọwọ́ sókè, tàbí kó mú páálí pupa kan fún ìyá rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá ṣe é, ẹ gbé e jáde kíá. Bí àmì bá ṣiṣẹ́ fún un ju ògiri lọ, àmì ni yóò máa lò.

*ÌBÉÈRÈ MẸ́TA, ÌWÉ KAN*

Àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní ohun mẹ́rin ló sábà máa ń wà nídìí ìwà líle. Ó lè jẹ́ pé ẹni náà ń sá fún nǹkan. Ó lè jẹ́ pé ó ń wá nǹkan. Ó lè jẹ́ pé ó ń wá ènìyàn, nítorí ó ti dá wà jù. Tàbí kó jẹ́ ara rẹ̀ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu: eyín, inú tó há, etí tó di, ojú tí kò ríran mọ́.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó jẹ́? Ẹ ra ìwé kékeré kan. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, nígbàkigbà tí wàhálà bá ṣẹlẹ̀, ẹ kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀: kí ló ṣẹlẹ̀ ṣáájú? Kí ló ṣe gan-an? Kí ni àwa ṣe lẹ́yìn náà? Ẹ má kọ pé "wèrè rẹ̀ dé lónìí". Ẹ kọ pé "aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, wọ́n mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bẹ̀rẹ̀, ó ju abọ́ mọ́ ògiri, a gbé e wọ yàrá". Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé, ẹ óò rí ojú ọ̀nà. Ẹ sì mú ìwé náà lọ fún dókítà tàbí nọ́ọ̀sì. Yóò wúlò fún wọn ju gbogbo àlàyé ẹnu lọ.

*ẸNI TÓ NÍ Ọ̀RỌ̀ ÒYÌNBÓ NI*

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń sọ pé ìwọ̀nyí jẹ́ àṣà òyìnbó, pé okùn àti pàṣán ni tiwa. Irọ́ ni.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò. Ní 1954, ní Àrò níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ohun kan tí ayé wá wò. Dípò kó ti àwọn alárùn ọpọlọ mọ́ inú ọgbà, ó fi wọ́n sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù ká. Ẹbí aláìsàn kọ̀ọ̀kan wá bá a gbé. Wọ́n ń gba ìtọ́jú ní ọsibítù, wọ́n ń ṣiṣẹ́ oko, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń ṣeré láàárín ènìyàn. Ó tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Ọkùnrin yìí náà ló padà di igbákejì ọ̀gá àgbà àjọ ìlera àgbáyé. Àwọn òyìnbó ló wá kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Àwa la gbàgbé.

Òyìnbó kì í sì í ṣe áńgẹ́lì. Ní 2011, tẹlifíṣọ̀n BBC fi kámẹ́rà ìkọ̀kọ̀ ya ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Winterbourne View, ọsibítù kan nítòsí Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn òṣìṣẹ́ ń gbá àwọn tí ọpọlọ wọn kò jí pépé létí, wọ́n ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, wọ́n ń fi wọ́n ṣẹ̀sín. Òṣìṣẹ́ 11 ló jẹ̀bi ní kóòtù, mẹ́fà nínú wọn lọ sẹ́wọ̀n. Ṣáájú ìyẹn, ní 2010, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 23 kan tó ń jẹ́ Oláṣeni Lewis kú ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn tí ọlọ́pàá 11 tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nínú ọsibítù ọpọlọ, níbi tí wọ́n gbé e lọ fún ìtọ́jú. Àwọn òbí rẹ̀ jà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òfin tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 2018 láti dín fífi ipá mú aláìsàn kù, Òfin Ṣeni ni wọ́n ń pè é. Ẹ gbọ́ orúkọ náà. Ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá.

Nílé ńkọ́? Ní 2019, àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde lẹ́yìn tí wọ́n ṣàbẹ̀wò sí ibi 28 tí wọ́n ti ń gba alárùn ọpọlọ ní Nàìjíríà. Wọ́n rí ènìyàn nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ní ilé oníṣègùn, ní ilé ìjọsìn Kristẹni àti ti Mùsùlùmí, àti níbi tí ìjọba ń ṣàkóso pẹ̀lú. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, àwọn ọlọ́pàá kó ènìyàn tó lé ní 250 kúrò ní ibì kan ní Òjòó, ní Ìbàdàn. Ẹbí ló fi ọ̀pọ̀ wọn síbẹ̀. Ẹbí ló ń sanwó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Àwọn ọmọ wa ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní Lọ́ńdọ̀nù àti Manchester. Wọ́n kọ́ wọn pé wọn kò gbọdọ̀ pariwo mọ́ ìyá àgbà òyìnbó, pé kí wọ́n wádìí ohun tó ń bí i nínú. Wọ́n sì ń ṣe é. Bí owó tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fi ránṣẹ́ sílé bá wá di owó ibi tí wọ́n so ìyá tirẹ̀ mọ́lẹ̀ sí, kí la ó pe ìyẹn?

*Ọ̀RỌ̀ OÒGÙN*

N kò bá oògùn jà. Ẹni tí dókítà fún ní oògùn ọpọlọ, kó má ṣe dá a dúró nítorí ohun tí mo kọ. Ohun tí mo bá jà ni oògùn ìdákẹ́jẹ́, èyí tí a ń rà láìsí dókítà, tí a ń po mọ́ ẹ̀kọ kí Màmá lè sùn kí ilé lè rọrùn. Valium àti irú rẹ̀ máa ń mú àgbàlagbà ṣubú, kó ṣẹ́ egungun ìbàdí, kí ìdààmú rẹ̀ sì pọ̀ sí i. Àwọn oògùn líle tí wọ́n ń lò fún wèrè máa ń mú kí rọpárọsẹ̀ àti ikú yá fún ẹni tó ní dementia. Ní 2009, ìròyìn kan tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Sube Banerjee kọ ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 180,000 aláìsàn dementia ló ń gba oògùn wọ̀nyí lọ́dún kan níbẹ̀, àti pé nǹkan bí 1,800 nínú wọn ló ń tipa rẹ̀ kú. Dókítà nìkan ló yẹ kó fún un, fún ìdí tó lágbára, fún ìgbà díẹ̀.

*"BÓ BÁ WÁ MÚ Ọ̀BẸ ŃKỌ́?"*

Ìbéèrè gidi ni. N kò ní kí ẹ jókòó kó gún yín. Ẹ kó ọmọdé kúrò. Ẹ fún un láàyè, ẹ má yí i ká. Kí ẹnì kan ṣoṣo máa bá a sọ̀rọ̀, ní ohùn jẹ́jẹ́. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Bí ara rẹ̀ bá ti rọ̀, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, pàápàá bó bá ń sọ pé òun fẹ́ pa ara òun. Dídi ẹni mú fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó má bàa kú jẹ́ ohun kan. Dídè é fún oṣù mẹ́ta kí ilé lè sinmi jẹ́ ohun mìíràn. Ẹ má pe èkejì ní ìtọ́jú.

*IṢẸ́ TIWA*

Mo mọ ẹni tí àárẹ̀ ń pa: obìnrin ilé. Ọmọbìnrin, ìyàwó ọmọ, ọmọ ọ̀dọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lu arúgbó kì í ṣe ìkà. Oorun ni kò sùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi jẹ́ ti ẹgbẹ́. Bí a ṣe ń dá èésú owó, ẹ jẹ́ ká dá èésú àkókò. Kí obìnrin mẹ́fà pín ọ̀sẹ̀ láàárín ara wọn, kí kálukú fi wákàtí mẹ́ta jókòó ti Màmá, kí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ lè sùn tàbí kó lọ ọjà. Kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ìyá yín ni. Ẹ má fi sílẹ̀ fún ìyàwó nìkan, kí ẹ sì tún máa dá a lẹ́jọ́. Ẹ̀yin àgbà àdúgbò, ẹ kọ̀ láti jókòó sí ìpàdé tí wọ́n ti ń pe aláìsàn ní àjẹ́. Ẹ̀yin pásítọ̀ àti ẹ̀yin alífáà, ẹ gbàdúrà, ṣùgbọ́n ẹ kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ jùnù. Ní oṣù kìíní 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun tó rọ́pò èyí tí a ń lò láti 1958, tí orúkọ rẹ̀ gan-an jẹ́ òfin wèrè. Òfin ti yí orúkọ padà. Ó kù kí ilé wa yí ìwà padà. Ẹ bi ọsibítù ìjọba tó wà nítòsí yín: ta ni ń rí sí ọ̀rọ̀ ọpọlọ níbí? Bí kò bá sí ẹnìkan, kí ẹgbẹ́ kọ̀wé sí káńsù.

A máa ń gbàdúrà pé a ò ní ṣarán. Àmín o. Ṣùgbọ́n àdúrà yẹn kò tó. Ọmọ kékeré tó jókòó sí igun ilé ń wò wá bí a ṣe ń so ìyá àgbà mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ń kọ́ bí a ṣe ń so okùn. Pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ẹ gòkè àjà lónìí, ẹ mú un sọ̀kalẹ̀, ẹ dá a sí iná.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ kan, àti sí ilé kan tí ẹ mọ̀ pé ó nílò rẹ̀.